Ọjọ́ tí Ọ̀nà Yí Padà

Mo ń múra ìdánwò ìwakọ̀ èrò ní Bàrígà, kí n lè fi ìsinmi wá owó ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá àgbà kan ládùúgbò wa, tí ó wa bọ́lẹ̀kájà láti Ṣómólú sí Ọyìngbò rí, bi mí léèrè pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ wo ni o ń gbà?" Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún ni, bàbá." Ó rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ òsì ni ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé e lé wa lọ́wọ́. Àwọn ará Dàhòmì, tí Faransé ń ṣàkóso, ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin, 1972, ọjọ́ Àjíǹde gan-an, ìjọba Gowon mú gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí ọ̀tún. Gánà tẹ̀ lé wa ní 1974.

Ṣùgbọ́n sítíárìn ọkọ̀ bàbá ṣì wà lápá ọ̀tún. Bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀, kò rí ọ̀nà. Ọmọ ọkọ̀ tí ó jókòó lósì ni ó ń bá a wò ó. Ẹ wo irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀! Kò sí ìdánwò kankan fún èyí.

Lọ́la ni tèmi. Bàbá ní òun yóò jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ òní, títí dé Ọyìngbò.