Omi Dúdú, Omi Pupa: Àkúnya Odò Ọya ní Niamey

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya máa ń kún lọ́dún ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Ẹ̀kún pupa ló ń ṣáájú, láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án. Òjò ìtòsí ló ń fà á: àwọn odò bíi Gorouol, Dargol àti Sirba á ya wọ Odò Ọya láti apá ọ̀tún, tàwọn ti ẹrẹ̀ tó sọ omi di pupa. Òjò ilẹ̀ Guinea ló ń bí ẹ̀kún kejì, ẹ̀kún dúdú. Omi yìí á gba inú àbàtà ńlá ilẹ̀ Mali kọjá, ibẹ̀ ni yóò ti tòrò, kò sì ní dé Niamey títí di oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní.

Láti ọdún 1929 ni wọ́n ti ń wọn odò náà ní Niamey, ẹ̀kún dúdú ló sì máa ń ga jù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè, èèyàn á ti kó ẹrù kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Inú ọyẹ́ ló tún ń wá: bí omi bá ti fà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á gbẹ ògiri.

Ọ̀gbẹlẹ̀ ló yí nǹkan padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1985, omi odò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàn mọ́ ní Niamey. Afárá Kennedy ti wà láti ọdún 1970, ìlú sì ti gbilẹ̀ dé òdìkejì odò, nílẹ̀ tó rẹlẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́lé síbi tí odò ti fà sẹ́yìn. Nígbà tí òjò padà dé, ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igi rẹ̀, tí wọ́n ń gbin jéró sí láìjẹ́ kó sinmi, ti le koránkorán. Kò lè mu omi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn ń dí ìsàlẹ̀ odò. Ẹ̀kún pupa wá ga ju dúdú lọ. Èyí tó wáyé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012 ga ju gbogbo èyí tí wọ́n ti wọ̀n rí. Ti ọdún 2020 tún ga jù ú lọ, ó já àwọn ìdènà tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ mọ, ó sì ya wọ àwọn àdúgbò bíi Lamordé àti Kirkissoye.

Àyípadà yìí burú fún ìlera. Àárín òjò ni ẹ̀kún pupa ń dé, nígbà tí ẹ̀fọn pọ̀, tí oòrùn kì í sì í pẹ́ kí òjò míì tó ṣú. Omi tó wọ yàrá ti kọ́kọ́ gba inú ṣáláńgá àti ibi ìdalẹ̀nù, ó sì ti bo kànga. Bíríkì amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé. Ó ń fa omi sókè láti ìpìlẹ̀, ògiri tó dúró gbọnyin nígbà tí omi wà nílẹ̀ sì lè wó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá wo àpò jéró tó kù sílé, òkè rẹ̀ gbẹ, ìsàlẹ̀ ti kan. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìgbẹ́ gbuuru àti egbò tó ń kẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2012 kan náà, onígbáméjì kọlu ẹni tó lé ní 5,000 ní Niger, àwọn ìlú etí odò ní ẹkùn Tillabéri sì wà lára ibi tó ti le jù. Ó pa èèyàn tó lé ní 100.

Ìtọ́jú ilé bẹ́ẹ̀ ní ètò tirẹ̀. Bàtà gígùn àti ìbọ̀wọ́ ni a fi ń kó ẹrẹ̀ jáde. Ọṣẹ àti omi mímọ́ ló ṣáájú Javel (omi kílórínì tó ń pa kòkòrò àrùn), nítorí ẹrẹ̀ máa ń pa agbára Javel. Oúnjẹ tí omi kàn àti ẹní tó ti mu omi ìdọ̀tí yó, dídànù ni. Ògiri amọ̀ kò ṣeé fi Javel fọ̀. Ẹni tó bá tètè rẹ́ ẹ há omi mọ́ inú rẹ̀ ni. Omi kànga ni a ó gbọ́n dànù, a ó da oògùn kílórínì sí i, a ó sì tún gbọ́n ọn títí òórùn oògùn yóò fi lọ. Kó tó dìgbà náà, omi sísè ni mímu.

Níbi tí ilé bá ti wó, kò sí ohun tó kù láti fọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn lọ. Lọ́dún 2024, Niger sún ìwọlé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 28, nítorí omi ti ba yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ jẹ́, àwọn tí omi lé kúrò nílé sì ń gbé nínú àwọn míì.