Alùpùpù Àkọ́rà Ẹni Tó Sígbọnlẹ̀ ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Ọkọ̀ ojú irin tó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, tó sì dé Ìlọrin ní 1908, mú ìrìn àjò yá fún àwọn ará Ìkìrun àti Òkukù, ṣùgbọ́n ojú irin kò dé ọ̀nà oko, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń gùn débẹ̀ kí alùpùpù, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní máṣíìnì, tó gbòde. Honda C50, tó jẹ́ ẹbí Super Cub tí wọ́n gbé jáde ní Japan ní 1958, rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, nítorí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́, ìyẹn irin tí wọ́n ń fún kí jíà tó wọlé. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré: bí ẹni tó sígbọnlẹ̀ bá gbé e kọjú sí òkè Ìkìrun, jíà kìíní ni yóò fi pọ́n ọn, ṣọ́kì ẹ̀yìn, ìyẹn sípíríǹgì tó ń gba ìgbọ̀nrìrì títì, á sì rì wọlé tán.

Ọ̀tọ̀ ni ti Honda CG125 tó jáde láàárín ọdún 1970 sí 1980, nítorí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ibi tí ìtọ́jú kò ti pọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀kadà, ìyẹn fífi alùpùpù gbé èrò, tó gba orúkọ lára ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, wá gbilẹ̀, Suzuki AX100 tó fúyẹ́ àti Bajaj Boxer náà dé. Alùpùpù tó ń gbé ọlọ́kadà àti èrò méjì (àṣà tí kò dára rárá) kò ní torí ẹnì kan ṣoṣo wó. Ẹni tó sanra tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ yóò ṣe dáadáa bó bá mú CG125, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì tẹlẹ̀ dáadáa.