Ìyẹ́ Àkùkọ Tí Ó La Òkun Kọjá

Ní ọjọ́ tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé ìtàn ìwọ̀ ẹja ni mo ń kà, ẹ̀rín ni ó fi mí rín. Ó ní kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ń wá níbi tí kò sí ọba, tí kò sí ogun? N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi nìyí, kí ẹ̀yin òǹkàwé bá wa dá ẹjọ́ náà.

Àwa mọ àwọ̀n, a mọ ìgèrè, a sì mọ ìwọ̀ tí a fi ekòló sí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà tí wọn kì í fi ohun jíjẹ kankan sí ìwọ̀. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ àti òwú sílíìkì ni wọ́n ń so mọ́ ọn títí yóò fi jọ kòkòrò ojú odò, kí ẹja trout lè fi í pe oúnjẹ kí ó sì gbé e mì. Eré ni ó jẹ́ fún púpọ̀ nínú wọn. Frederic Halford, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde ní 1886 lórí bí a ti ń so èyí tí yóò léfòó tí kò ní rì. Ní 1889 ó tún kọ òmíràn lórí bí a ti ń fi wọ́n pẹja.

Ní Amẹ́ríkà, Theodore Gordon, ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le, kọ lẹ́tà sí Halford. Ní oṣù Fẹ́búárì 1890 Halford fèsì, ó sì fi àwọn kòkòrò tirẹ̀ sínú lẹ́tà náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ìwé lè sọ pé kí a yí ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀melòó ni a ó yí i? Báwo ni yóò ti fún tó? Àwọ̀ eérú wo ni kí a wá? Ẹni tí ó bá mú kòkòrò náà lọ́wọ́ lè gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó sì lè tú òwú rẹ̀ ká láti mọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Halford kò sì ṣe bí ẹni tí ó mọ gbogbo rẹ̀: ó jẹ́wọ́ pé ó ṣòro fún òun láti sọ èyí tí yóò wúlò lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni. Odò Test àti Itchen tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fọ́nnu lé lórí, láti inú ilẹ̀ ẹfun ni wọ́n ti ń sun. Wọ́n mọ́ gaara, wọ́n sì ń rọra ṣàn. Odò Neversink tí Gordon ń pẹja nínú rẹ̀, láti orí òkè Catskill ni ó ti ń sáré bọ̀ láàárín òkúta, kòkòrò rẹ̀ sì yàtọ̀.

Nítorí náà Gordon ní láti wo odò tirẹ̀. Nínú wíwò yẹn ni Quill Gordon ti jáde, èyí tí a fi egungun ìyẹ́ ọ̀kín ṣe ara rẹ̀, tí a sì fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó ṣe apá rẹ̀. Àkùkọ aláwọ̀ eérú tí ìyẹ́ rẹ̀ le dáradára ni ìṣòro rẹ̀ títí ayé rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní baba irú ẹja pípa yìí ní Amẹ́ríkà. N kò fara mọ́ ọn: ìwé Thaddeus Norris ti 1864 ti sọ nípa kòkòrò tí ń léfòó. Ohun tí mo rí sí Gordon ni pé ó gba ẹ̀bùn, kò sì sọ ẹ̀bùn náà di òfin. Ó tún ń kọ̀wé sí G. E. M. Skues, agbẹjọ́rò tí ó máa ń bá Halford jiyàn, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò sì dí i lójú.

Gordon kú ní 1915 láìkọ ìwé kankan. Bí kì í bá ṣe àwọn àròkọ rẹ̀ inú ìwé ìròyìn àti àwọn lẹ́tà rẹ̀ tí John McDonald kó jọ ní 1947, kí ni à bá mọ̀ nípa rẹ̀? Ẹni tí ó kọ́ ní iṣẹ́ náà ni Roy Steenrod, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ (ẹ ò rí i bí ó ti bá a mu!) ní ìlú Liberty. Ní 1916 Steenrod so Hendrickson, tí àwọn apẹja ṣì ń so dòní. Ní 1953 wọ́n parí ìdídò Neversink, omi sì bo apá kan ibi tí Gordon ti ń pẹja.

Mo fi ojú ewé wọ̀nyí han ọ̀rẹ́ mi kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́. Ó kà á tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí bóyá a lè rí àkùkọ aláwọ̀ eérú rà ní ọjà wa.