Asẹ́ afẹ́fẹ́ fún àgọ́ ọ̀gbìn inú ilé: bí èruku àti kòkòrò kò ṣe ní í rí ọ̀nà wọlé

Látìgbà tí aáwọ̀ ààlà ilẹ̀ ti ń wáyé láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, oko tó wà létí ààlà kì í ṣe ibi téèyàn ń lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ mọ́. Bí ìjọba bá sì kéde kónílé-ó-gbélé, kò sẹ́ni tó ń lọ roko. Ohun téèyàn lè gbìn sí ẹ̀yìnkùlé tàbí sínú yàrá tó ṣófo ti wá di ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fara balẹ̀ gbé yẹ̀ wò.

Àgọ́ ọ̀gbìn ni wọ́n fi irin àti aṣọ tó nípọn ṣe, tí inú rẹ̀ ń dán kí iná lè tàn kárí ewé. Òkè òkun ló ti gbajúmọ̀, igbó sì ni ọ̀pọ̀ ń gbìn sínú ẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin kò gba igbó láàyè, àjọ NDLEA kò sì ní í bi ẹni tó gbìn ín léèrè bóyá inú yàrá ni tàbí inú oko. Ata àti tòmátì là ń sọ.

Kòkòrò tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù kò tó nǹkan lójú. Whitefly, kòkòrò funfun tíntìntín tó máa ń fò téèyàn bá mi ewé, kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Òun ló ń gbé àrùn tó ń mú kí ewé tòmátì ká kò, kó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àrùn náà kò ní oògùn. Igi tó bá ti mú, fífà tu ló kù. Àfòpiná Tuta absoluta, táwọn èèyàn sọ ní Ẹ̀bólà tòmátì, tóbi jù ú lọ. Òun ló mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ìpò pàjáwìrì lórí tòmátì lóṣù Karùn-ún ọdún 2016.

Nẹ́ẹ̀tì tí káfíńtà ń kàn mọ́ fèrèsé kò lè dá whitefly dúró, torí ihò rẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ. Èyí tó lè dá a dúró ni wọ́n ń pè ní 50 mesh, ìyẹn èyí tó ní ihò 50 nínú ínǹṣì kan. Ṣùgbọ́n bí ihò ṣe ń kéré sí i ni afẹ́fẹ́ ṣe ń nira láti gbà á kọjá. Ẹni tó bá kàn ta nẹ́ẹ̀tì yìí sẹ́nu ihò ínǹṣì 4 ti fún àgọ́ náà lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ tí ooru inú ẹ̀ bá ti kọjá 35°C, òdòdó tòmátì á máa já dànù. Ẹ kan férémù onígi tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1 ní ìbú àti òró, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sójú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi pákó ṣe àpótí sẹ́yìn ẹ̀ tó máa so mọ́ ihò náà. Ojú nẹ́ẹ̀tì á wá fẹ̀ ju ẹnu ihò lọ ní ìlọ́po tó ju 10 lọ.

Ibi tẹ́ ẹ gbé fáànù sí ló tún kàn. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ara àgọ́ á wọnú, afẹ́fẹ́ tuntun á sì máa gba ibikíbi tó bá rí wọlé: ojú síìpù, ojú ìrán, ihò wáyà. Kòkòrò á bá a wọlé, asẹ́ tẹ́ ẹ fowó rà á kàn máa wòran. Ṣùgbọ́n tí fáànù bá wà lẹ́yìn asẹ́, tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, àgọ́ á wú díẹ̀ bíi bàlúùnù, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ojú síìpù jáde. Fún tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, èyí ló dáa jù. Àgọ́ tó jẹ́ mítà 1 ní ìbú, mítà 1 ní òró àti mítà 2 ní gíga nílò fáànù tó lè gbé kúbíìkì mítà 120 ní wákàtí kan kí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ tó lè máa pààrọ̀ níṣẹ̀ẹ́jú-níṣẹ̀ẹ́jú. Ẹ ra èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí asẹ́ máa ń dín agbára ẹ̀ kù.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fọwọ́ kékeré mú. Fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ àgọ́ ń tì í wọ yàrá náà ni. Tí ẹnu rẹ̀ bá kọjú sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, èéfín tó ń pani yẹn máa bá a wọlé. Kò ní òórùn, kò ṣeé fojú rí. Nẹ́ẹ̀tì kò lè dá a dúró, fóòmù kò lè dá a dúró, asẹ́ HEPA olówó ńlá pàápàá kò lè dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹnu asẹ́ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ààrò, kó wà lókè díẹ̀ níbi tí òjìji wà.

Ní ti èruku, ọyẹ́ ni ọ̀gá. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta ló ń gbé iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná wá láti apá aṣálẹ̀, títí dé agbègbè Bodélé lórílẹ̀-èdè Chad. Ẹ fi fóòmù pẹlẹbẹ síwájú nẹ́ẹ̀tì, kó kọ́kọ́ gba èruku náà. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi ọṣẹ fọ fóòmù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí èyí tó bá tutù á bu. Ẹ ní méjì nílẹ̀ kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá asẹ́ ti dí, ẹ mú tísù sún mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Tí kò bá mì, ó ti dí nìyẹn.

Ọ̀nà kan tí asẹ́ kò ní í lè ṣọ́ ni ilẹ̀kùn. Ọmọ ata tàbí tòmátì tẹ́ ẹ bá rà lọ́jà, ẹ yí ewé rẹ̀ wò kó tó wọlé: abẹ́ ewé ni whitefly ń yé ẹyin sí.