Khulumani

Ọ̀rọ̀ Súlú ni. Khuluma ni “sọ̀rọ̀”; -ni tó kẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn là ń bá sọ̀rọ̀: “ẹ sọ̀rọ̀”.

Orúkọ yìí ni àwọn tí ojú wọn rí màbo lọ́wọ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà sọ ẹgbẹ́ wọn ní 1995, kí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà tó jókòó. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó sì tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Johannesburg lónìí, ẹni tí àìsàn, ọ̀fọ̀ tàbí ìkọ̀sílẹ̀ dé bá náà lè lọ tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún onímọ̀ ìlera ọkàn. Ọjọ́ kìíní lè jẹ́ ẹkún nìkan. Kò burú rárá. SADAG, ẹgbẹ́ ìlera ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà ní 1994, ń gbọ́ ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.