Èéfín Tí Ojú Kò Rí: Ìtàn Àyẹ̀wò Ọkọ̀ Àtijọ́ ní California

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní èéfín nìwà; bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, yóò rú jáde. Èéfín tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yàtọ̀ díẹ̀, nítorí èyí tó burú nínú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni mo ń ṣe, n kì í ṣe mẹkáníìkì. Síbẹ̀, wíwádìí ìdí tí ọkọ̀ àtijọ́ fi kùnà nínú àyẹ̀wò èéfín jẹ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ àmì, ìtàn rẹ̀ sì kọ́ wa pé ẹni tí ojú kọ́kọ́ rí kọ́ ló máa ń jẹ̀bi nígbà gbogbo.

Ní oṣù keje ọdún 1943, ìkùukùu tí ń ta ojú bo ìlú Los Angeles. Àwọn ará ìlú di ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe èròjà rọ́bà àtọwọ́dá. Ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ìkùukùu kò lọ. Arie Haagen-Smit, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ẹni tó ti ń wádìí adùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní Caltech, ló fi hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 pé epo tí kò jóná tán àti nitrogen oxides, láti inú ọkọ̀ àti ilé ìfọpo, ń pàdé lábẹ́ ìtànṣán oòrùn, wọ́n sì ń bí ìkùukùu náà.

Òfin tẹ̀lé ìmọ̀. Ní 1966, California bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààlà sí èéfín ọkọ̀ tuntun. Àwọn ọkọ̀ ọdún 1975 mú catalytic converter wọlé, àgòlò tó wà lójú ọ̀nà sáléńsà, tí ń sọ gáàsì olóró di èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní 1984 ni àyẹ̀wò Smog Check bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méjì fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún ọkọ̀ ọdún 2000 síwájú. Ọkọ̀ bẹntiróòlù ti 1976 sí 1999 ni wọ́n ṣì ń wọn èéfín ìdí rẹ̀.

Ìwé àbájáde àyẹ̀wò náà ṣeé kà. Bí hydrocarbon bá pọ̀, epo ń jáde láìjóná: púlọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí carbon monoxide bá pọ̀, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: asẹ́ afẹ́fẹ́ lè ti dí, kábúrétọ̀ lè nílò àtúnṣe, tàbí kí ẹ̀rọ tí ń wọn oxygen ti bàjẹ́. Bí nitrogen oxides bá pọ̀, iná inú ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù: ihò tí ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì láti tù ú lè ti dí fún dọ̀tí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, ìgbà náà ni converter di afurasí.

Ẹni tó bá sáré pààrọ̀ converter ṣáájú ń tún àṣìṣe 1943 ṣe. Epo tí púlọ́ọ̀gì tó ti kú jẹ́ kó kọjá yóò jóná nínú converter tuntun, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ ọ. Olówó ọkọ̀, tí kì í sábà jẹ́ ọlọ́rọ̀, yóò sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń gba èbúté Èkó wọlé ló ti Amẹ́ríkà wá. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Ojú àti imú kò tó láti ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, kí a tó dá ẹ̀yà kan lára ọkọ̀ lẹ́bi.