Ìfura Tí Kò Gba Ẹ̀rí: Àrùn Ìfura-Àpọ̀jù àti Ọwọ́ Ará Ilé Nínú Rẹ̀

Yorùbá kì í fi ìfura ṣeré. Ọmọdé kò tíì mọ owó kà tí a ti ń sọ fún un pé páńsá kò fura, páńsá já. Àjà kò fura, àjà jìn. Bó bá dàgbà díẹ̀, yóò gbọ́ pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, àti pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìran tó la òwò ẹrú àti ogun Kírìjì kọjá kò lè ṣàì kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí dókítà ọpọlọ bá sọ fún ìdílé kan pé ìfura bàbá wọn ti di àrùn, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé: ìfura wo ni kì í ṣe ọgbọ́n?

Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní paranoid personality disorder, tí n óò máa pè ní àrùn ìfura-àpọ̀jù níhìn-ín, yàtọ̀ sí ìfura tí àwọn àgbà fi kọ́ wa, a sì lè tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti pínyà. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn mi kò dúró síbẹ̀. Mo gbà pé apá kan àrùn yìí wà nínú orí ẹni tó ń ṣe; apá kejì, tí a kì í sábà fẹ́ sọ, àwọn tó yí i ká ló ń bọ́ ọ dàgbà. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, irọ́ ìtùnú àti oògùn tí a bù sínú oúnjẹ láìsọ, àwọn ni oúnjẹ rẹ̀.

Ìwé atọ́nà DSM-5 tí American Psychiatric Association gbé jáde ní 2013 ka àmì méje sílẹ̀ fún àrùn náà, ó sì ní mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé, kí ìwà náà sì ti fara hàn láti ìgbà tí onítọ̀hún ti ń di géńdé. Ẹ jẹ́ kí á fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń ta spare parts ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Orí rẹ̀ pé. Kò gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kò sì sọ pé ìjọba ri ẹ̀rọ mọ́ òun lára. Ó mọ iye tó ra ọjà, ó mọ èrè tó jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá kí i pé “Ọ̀gá, ẹ kú oríire mọ́tò,” ìlara ló gbọ́ nínú ìkíni náà. Bí onísọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá mú oníbàárà wá fún un, oorun kò ní kùn ún lóru: kí ni lágbájá ń wá gan-an? Àbúrò rẹ̀ tí kò wá síbi ìsọmọlórúkọ nígbà kan rí, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kò tíì tán nílẹ̀. Kì í finú han ẹnikẹ́ni, torí ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu òun, àwọn ọ̀tá á fi gún òun lọ́bẹ. Ìyàwó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pẹ́ lọ́jà. Mẹ́rin ti pé, ó ti lé.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe wèrè lójú ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro. Ohun tó ń fura sí lè ṣẹlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ a máa jalè, ọ̀rẹ́ a máa dalẹ̀, ìyàwó ẹlòmíràn a sì máa yan àlè. Bí ìwọ̀n wa bá jẹ́ bóyá ohun tí ènìyàn ń fura sí ṣeé ṣe, gbogbo ọjà Ládípọ̀ ni a máa kó lọ sí ọsibítù.

Ohun tí ẹ̀rí ń ṣe sí ìfura ni kí á wò. Ẹni tí ọmọ iṣẹ́ kan jà lólè, tó wá ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀, ìfura rẹ̀ ní orúkọ ẹni tó dá lé, ó ní ìdí. Bí ọmọ iṣẹ́ tuntun bá ṣe ìṣirò owó pé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọkàn ọ̀gá á rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á sì padà sọ́wọ́ ọmọ. Ti aláìsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí owó kò bá pé, olè ni. Bí ó bá pé kọ́bọ̀ lórí kọ́bọ̀, olè tó mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun ni. Ẹni tó bú u kórìíra rẹ̀, ẹni tó sì ṣe é lóore ń dẹ pàkúté. Kò sí ẹ̀rí tó lè wọlé, nítorí ohunkóhun tó bá dé ẹnu ọ̀nà ti di ẹlẹ́rìí fún ìfura kí ó tó jókòó.

Ìwọ̀n yìí gbà wá lọ́wọ́ àṣìṣe kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìṣègùn: kíka ìgbàgbọ́ nínú àjẹ́ tàbí ọwọ́ ayé sí àmì àrùn. Ní 1955, Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Abẹ́òkúta tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Journal of Mental Science lórí ipa tí àṣà ń kó nínú àrùn ọpọlọ onífura láàárín Yorùbá. Àrùn tó wúwo ju èyí lọ ló ń sọ, tí ọpọlọ ti kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Síbẹ̀ a lè fà á dé ọ̀dọ̀ wa: dókítà tí kò mọ ohun tí gbogbo àdúgbò gbà gbọ́ kò lè mọ ibi tí aláìsàn ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ará àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó ní ayé le kò ṣàìsàn. Ẹni tí gbogbo ayé ti di ọ̀tá rẹ̀, tí ìyá, ọmọ àti pásítọ̀ kò yọ sílẹ̀, ìyẹn ni kí á yẹ̀ wò.

Àṣìṣe yìí wà ní òkè òkun náà. William Grier àti Price Cobbs, dókítà ọpọlọ méjì tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé Black Rage ní 1968, wọ́n sì jà níbẹ̀ pé ìfura tí aláwọ̀ dúdú ń fi bá àwùjọ aláwọ̀ funfun lò jẹ́ ààbò tí ẹni tí orí rẹ̀ pé fi ń gbé ayé níbẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n kọ ìwé náà, iṣẹ́ ìwádìí Tuskegee ṣì ń lọ lọ́wọ́, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fi àrùn ìbálòpọ̀ kan tí ń jẹ́ syphilis sílẹ̀ láìtọ́jú lára nǹkan bí 400 ọkùnrin dúdú, láti 1932 títí dé 1972. Ta ló máa sọ pé ìfura àwọn ará ibẹ̀ sí ọsibítù jẹ́ àrùn? DSM-5 fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí á má fi ìṣọ́ra àwọn tó ṣí wá láti ilẹ̀ mìíràn pe àrùn. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní London, tí kò ṣílẹ̀kùn fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò mọ̀ rí, kò nílò oníṣègùn.

Nígbà náà, kí ló wà nínú orí, kí ló wà níta? Ní 2008, Daniel Freeman, onímọ̀ nípa ìrònú ènìyàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó 200 ènìyàn jọ láti ìgboro London, wọ́n fi ẹ̀rọ bò wọ́n lójú, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Àwòrán ni gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà, a sì ṣe wọ́n lọ́nà tí wọn kò fi ní fi ìfẹ́ tàbí ìkà hàn. Ọ̀pọ̀ jáde, wọ́n ní àwọn èrò náà kò ṣe nǹkan kan, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní wọ́n yọ̀ mọ́ àwọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní wọ́n wo àwọn níwòkuwò, pé wọ́n fẹ́ ṣe àwọn ní nǹkan, kò kéré, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kì í ṣe aláìsàn. Ojú kan náà, ìtumọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rù, àìnígboyà nínú ara ẹni àti ìyà tí ènìyàn ti jẹ rí ló ń túmọ̀ ojú náà. Ìwádìí lórí àrùn ìfura-àpọ̀jù sì tọ́ka sí ohun méjì tó jọ èyí: ogún ìdílé, àti ìfìyàjẹni nígbà èwe.

Títí dé ibi yìí, onífura nìkan ni ẹjọ́ ń dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà ọpọlọ Norman Cameron rò ní 1943, nígbà tó sọ pé onífura a máa kọ́ ẹgbẹ́ ọ̀tá kan sínú orí ara rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kò sì mọ̀ pé àwọn wà nínú ẹgbẹ́ kankan. Ní 1962, Edwin Lemert, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn Sociometry. Ó ti tọpa ìtàn àwọn bíi mélòó kan níbi iṣẹ́ àti nílé wọn, ohun tó sì rí ni pé ẹgbẹ́ náà wà lóòótọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti sú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèpàdé lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá wọlé, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i lójú, wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀sùn nípa rẹ̀. Ó fura pé wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Ọ̀tẹ̀ kúkú ń lọ.

Mo gbà pé Lemert rí ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà kò rí, ilé Yorùbá sì ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ sí jù. Wo ohun tí ẹbí ń ṣe bí ìwà ọkùnrin Ládípọ̀ yẹn bá ti sú wọn. Wọ́n á pe ìpàdé ẹbí láìpè é. Wọ́n á ní kí ìyàwó máa yẹ fóònù rẹ̀ wò. Ẹnìkan á lọ gba oògùn, wọ́n á lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ tàbí ọbẹ̀, torí pé “kò ní gbà bí a bá sọ fún un.” Ọkùnrin tó ti ń sọ tipẹ́ pé wọ́n ń fi nǹkan sínú oúnjẹ òun wá jàre níkẹyìn. Lọ́jọ́ tó bá ká wọn mọ́, kò sí dókítà tó máa rí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, èyí tó gba ipò òfin àtijọ́ tí ń pe aláìsàn ní wèrè, fẹ́ kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyọ̀ǹda aláìsàn. Ní ti àrùn yìí, ìyọ̀ǹda náà ju ọ̀rọ̀ òfin lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ìdajì ìtọ́jú.

Ẹni kejì tó ń bọ́ àrùn náà ni wòlíì tó ń dárúkọ ọ̀tá. Àdúrà kò ṣe ibi, ìgbàgbọ́ sì ti gbé ọ̀pọ̀ onífura ró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé “obìnrin pupa kan nínú ẹbí rẹ ló dì ọ́ lọ́wọ́” ti ti ilẹ̀kùn tó ṣẹ́ kù. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó pupa ti di ọ̀tá títí ayé. Àwọn aríran, àlùfáà àti onífá kan wà tí wọ́n mọ ẹni tí a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún. Ì bá dára kí wọ́n pọ̀ ju bí wọ́n ṣe wà lọ.

Bóyá kí orúkọ àrùn náà dúró tiẹ̀ ti di ìjà. Àwọn tó ń ṣàtúnṣe DSM dábàá àwòṣe tuntun tí orúkọ ìfura-àpọ̀jù kò sí nínú rẹ̀. Ní ìparí 2012 ìgbìmọ̀ àgbà American Psychiatric Association kọ̀ ọ́, wọ́n sì fi àwòṣe náà sí ẹ̀yìn ìwé. Ìwé atọ́nà ICD-11 ti àjọ ìlera àgbáyé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo orúkọ irú rẹ̀ rẹ́, ó wá ń béèrè bí ìwà náà ṣe le tó: fẹ́ẹ́rẹ́, àárín, tàbí gidigidi. Ti ICD-11 ló wù mí, torí pé bí ìfura ṣe ń ba àárín ènìyàn méjì jẹ́ ló fi ń wọ̀n ọ́n, níbi tí mo sọ pé àrùn ń gbé gan-an.

Kò sí oògùn kan tí a fọwọ́ sí fún àrùn yìí ní pàtó. Dókítà lè fún ènìyàn ní ti ìbànújẹ́ ọkàn tàbí àìsùn tó bá bá a rìn, ìyókù di ọ̀rọ̀ sísọ fún ìgbà pípẹ́. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ kì í sáré di ọ̀rẹ́; ìyọ́nú tó pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀ á mú aláìsàn sá. Á sọ ní gbangba ohun tó ń kọ sílẹ̀, ẹni tó lè kà á, ìgbà tí òun máa padà rí i, á sì dé lásìkò tó dá. Ará ilé lè ṣe irú rẹ̀. Kí owó ilé wà nínú ìwé tí gbogbo ojú lè rí. Bí a bá fẹ́ ṣèpàdé lórí rẹ̀, kí ó wà níbẹ̀. Àti pé láàárín àtakò àti “bẹ́ẹ̀ ni o,” ọ̀nà kan wà: “Bàbá Ṣọlá, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ká yín lára. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín.” Kò dùn lẹ́nu, kò sì yára ṣiṣẹ́, àmọ́ kò fi ẹ̀rí kankan lé ìfura lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí mi ò ní gba ìyàwó onífura nímọ̀ràn rẹ̀ láé: pé kí ó máa wá ẹ̀rí pé òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti gbé fóònù fún ọkọ, wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n já ọ̀rẹ́ ọdún gbọọrọ sílẹ̀, kí ọkọ lè gbà pé kò sí ẹnikẹ́ni níta. Ẹ̀rí kì í wọlé níbẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ lónìí á di ìbéèrè lọ́la, pé kí ló dé tó fi tètè fi í sílẹ̀. Bí ìfura bá sì ti di ìlunini tàbí ìtìmọ́lé, kí ó kúrò nílé kọ́kọ́, kí ó tó ro ti ìtọ́jú ọkọ. Ní Èkó, òfin tó dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé ti wà láti 2007, ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ lábẹ́ rẹ̀ pé kí ọkọ má sún mọ́ ọn, ì báà jẹ́ pé dókítà ti dárúkọ àrùn tó ń ṣe ọkọ náà.